Mo Fi Ojú Ìyá Rẹ̀ Pamọ́ Fún Un

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní orúkọ. Bí mo bá kọ orúkọ mi síbí, ọ̀pọ̀ nínú yín á mọ̀ mí. Kì í ṣe pé mo jẹ́ ẹni ńlá. Ẹ ti ń gbọ́ ohùn mi ni. Ohùn mi lẹ mọ̀, ẹ ò mọ ìwà mi.

Ó ti lé ní ọdún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi mọ́. Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé obìnrin tí mo ṣẹ̀ fẹ́ mú mi lọ síwájú pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí oore tí mo ṣe fún un. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ṣe oore kankan fún un. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe.

Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú Ìbàdàn níbí. Yemetu ni mò ń gbé, nínú ilé tí bàbá mi kọ́. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà pọ́ńbélé ni bàbá mi, kò sì fẹ́ kí a máa wo eré. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ kan wà ní Màpó tó ní tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ fídíò. Bí a bá ti gba ọlidé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń sá lọ. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí fíìmù Yorùbá àtijọ́, àwọn tí àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó ṣe nígbà tí wọ́n ṣì ń gbé eré kiri láti ìlú dé ìlú. Àwòrán wọn ṣú. Ohùn wọn á lọ, á tún bọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n wọ̀ mí lára bí ọtí ṣe ń wọ ọ̀mùtí lára.

Mo dàgbà tán, mi ò wo fíìmù tuntun. Ti àtijọ́ ni mò ń wá kiri, pàápàá èyí tí gbogbo èèyàn ti gbàgbé. Èyí tí kò tà nígbà tó jáde. Èyí tí iwin máa yọ nínú rẹ̀ tí ẹ ó fẹ́ bẹ̀rù, tí ẹ ó wá rí aago lọ́rùn ọwọ́ iwin. Mo fẹ́ràn wọn ju àwọn tó dáa lọ.

Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ pọ́díkáàsì, ìyẹn ètò tí èèyàn lè fi fóònù gbọ́ nígbà tó bá wù ú. Yàrá tí à ń kó ẹrù sí ni mo ti ń gbà á sílẹ̀. Mo fi tìmùtìmù àti aṣọ òfì ìyàwó mi bo ògiri kí ohùn mi má baà máa dún padà. Fíìmù kan lọ́sẹ̀ kan. Mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀, mo máa ń sọ ẹni tó ṣe é, ibi tí wọ́n ti yà á, ohun tí wọ́n fi ṣe ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, èèyàn mọ́kànlá ló ń gbọ́ mi, mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ mọ̀lẹ́bí mi. Nígbà tó yá, wọ́n di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Wọ́n ń kọ̀wé sí mi láti Èkó, láti Ìlọrin, láti òkè òkun. Wọ́n ń pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí níbi iṣẹ́ mi.

Fíìmù kan wà tí gbogbo àwa olólùfẹ́ eré àtijọ́ ti ń wá. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ṣe é ti túká tipẹ́. Àwọn àgbà tó wò ó nígbà náà ṣì ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní ẹ̀dà rẹ̀. Èmi fúnra mi ti sọ lórí ètò pé ó ti sọnù.

Bàbá kan wà ní Bẹẹrẹ tó máa ń yá èèyàn ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò láyé ìjọ́un. Ó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù náà ta fóònù. Wọ́n ní kí n wá kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà kí wọ́n tó dáná sun wọ́n. Àpò mẹ́ta ni mo kó wálé. Kásẹ́ẹ̀tì kan wà láàrin wọn tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára. Mo fi í sínú ẹ̀rọ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Nígbà tí mo rí orúkọ tó jáde lójú tẹlifíṣọ̀n, mo dìde. Mo tún jókòó.

Mo wò ó tán, mo sì pinnu pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ètò mi ti pé mọ́kànlélọ́gọ́rin nígbà náà. Mo fẹ́ gbé fíìmù náà jáde lọ́jọ́ tó bá pé ọgọ́rùn-ún, kí ariwo rẹ̀ lè pọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Ìyá Ṣèyí wá. Orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn o. Aránṣọ ni ní Bẹyẹrunka. Á ti lé ní ọmọ ogójì ọdún dáadáa, jígí ojú rẹ̀ sì nípọn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Pólì ló ń gbọ́ ètò mi, òun ló sì bá a béèrè mi títí wọ́n fi mọ ilé ẹ̀kọ́ mi. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ọ́fíìsì àwọn olùkọ́ ni mo ti bá a lórí ìdúró.

Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ẹ má bínú sà, mo wá ká yín mọ́ ibi iṣẹ́. Ìyá mi wà nínú fíìmù tí ẹ ní ó sọnù yẹn. Àwọn ni wọ́n ṣe ìyàwó tuntun inú ẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni mo wà nígbà tí ọkọ̀ ẹgbẹ́ wọn dànù lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́, tí ìyá mi sì bá a lọ. Ilé bàbá mi ò fẹ́ràn wọn nítorí iṣẹ́ eré, wọn ò tọ́jú fọ́tò wọn kankan. Mi ò mojú ìyá mi, sà."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà."

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ mọ ẹni tó lè ní i?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó ní i, mà. Bí ẹnì kan bá máa ní i, èmi ni ǹ bá ní i."

Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Kásẹ́ẹ̀tì náà wà nínú àpótí aṣọ mi nílé, abẹ́ agbádá tí mo fi ṣègbéyàwó. Obìnrin náà dúpẹ́, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó rẹ̀ mí, ó sì lọ.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé. Mo ti bi ara mi títí. Ohun tí mo rò ni pé bí mo bá fi hàn án, á pe àwọn èèyàn rẹ̀, ọmọ rẹ̀ á fi fóònù yà á, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ẹni gbogbo á ti rí i. Ọgọ́rùn-ún mi á wá di yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo rò kò ju ìyẹn lọ. Ì bá dùn mọ́ mi kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó mi nílé. Mo rò pé á bá mi yọ̀ pé fíìmù náà tún ní ìtàn lẹ́yìn.

Ó ní, "Dúró ná. Obìnrin yẹn ò mojú ìyá ẹ̀, o sì ní kó máa lọ sílé?"

Mo ní kò ju bí oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀ lọ, á rí i.

Ó ní, "Pè é lọ́la. Kó jókòó sí pálọ̀ yìí, kó wò ó, kó máa lọ. Kí ló máa bà jẹ́?"

Mo ní kò lè yé e, ọ̀rọ̀ ètò ni.

Ó ní, "Ó yé mi." Ó dìde, ó lọ ká aṣọ lẹ́yìnkùlé. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti gbọ́ ètò mi mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀, nítorí èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Mo pe Ìyá Ṣèyí wá sórí ètò. Mo mọ̀ pé ìtàn rẹ̀ á mú kí àwọn èèyàn máa retí fíìmù náà kí n tó gbé e jáde. Ó wá, ó jókòó sínú yàrá ẹrù náà, láàrin àwọn tìmùtìmù. Àpótí aṣọ mi ò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ibi tó jókòó sí.

Ó sọ bí ìyá àgbà rẹ̀ ṣe máa ń sọ fún un pé ojú ìyá rẹ̀ ló gbé wá sáyé. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun máa ń gbé jígí, òun á máa wá ìyá òun nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò mọ èyí tó jẹ́ ti ìyá òun àti èyí tó jẹ́ ti bàbá òun. Lẹ́yìn náà ló sọ ti àìsàn ojú tó ń ṣe é. Ó ní dókítà ti sọ pé ìfúnpá inú ẹyinjú òun ti ga jù, oògùn tí wọ́n ń kán sí i ò sì ṣe é dáadáa. Ó ní, "Ó dà bíi kéèyàn wà nínú ilé kó máa wòta, kí wọ́n wá máa rọra pa ilẹ̀kùn dé. Kó tó pa dé tán, sà, mo fẹ́ rí wọn. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo náà ni."

Mo sunkún. Ẹkún gidi ni, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fi tàn wọ́n. Títí dòní mi ò mọ irú èèyàn tí mo jẹ́, tí mo lè sunkún gidi lórí ohun tí mo lè tún ṣe kí omi tó gbóná lórí iná.

Kò sí ètò mi kankan tí àwọn èèyàn gbọ́ tó ìyẹn. Wọ́n ń pín in kiri. Wọ́n ń gbàdúrà fún obìnrin náà, wọ́n ń yìn mí pé mo láàánú.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Ìyá Ṣèyí máa ń pè mí. "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ṣé ẹ ti gbúròó nǹkan kan?" Màá ní, "A ṣì ń wá a, mà." Á ní, "Ẹ ṣeun sà. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín." Kì í pẹ́ lórí fóònù. Kò fi halẹ̀ mọ́ mi rí.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ètò pé ọgọ́rùn-ún, mo tún jókòó wo fíìmù náà. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo ti wò ó nígbà náà. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù. Wọ́n ti mú ìyàwó dé ilé ọkọ, ó wá fúnra rẹ̀ ṣí ìborùn kúrò lójú. Ó wo iwájú tààrà, ó sì rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ nìkan ni ojú rẹ̀ ti sún mọ́ wa tó hàn kedere. Nínú ìyókù, ọ̀ọ́kán ló wà, tàbí kó kẹ̀yìn. Mo wò ó tán, mo dá a padà, mo tún wò ó. Mo fẹ́ dá a padà lẹ́ẹ̀kẹta ni mo gbọ́ tí ẹ̀rọ náà ń dún gírígírí. Ẹ̀rọ àlòkù ni. Kí n tó yọ iná, ó ti fa téèpù náà jẹ.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nítòsí Ọjà'ba. Ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó nà án, ó wá ẹ̀rọ mìíràn tí yóò fi gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Oṣù mẹ́rin ni iṣẹ́ náà gbà á. Nígbà tó parí, ó ní, "Ọ̀gá, mo ti gbìyànjú. Èyí tó kù ti bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ibi tí ìyàwó yẹn ti ṣí aṣọ lójú, ó ti lọ." Mo wò ó. Ìlà funfun-funfun ló kún ibẹ̀, bí òjò.

Nínú oṣù mẹ́rin yẹn, mo parọ́ fún àwọn olùgbọ́ mi pé ara mi ò yá, mo sì dá ètò dúró. Ìpè ọjọ́ Ẹtì náà dáwọ́ dúró. Mo dúpẹ́, kí n má parọ́. Ọjọ́ kan, Ṣèyí ọmọ rẹ̀ pè mí. Ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Áńkù. Mọ́mì ní kí n bá wọn kí yín. Wọn ò lè rí nọ́ńbà tẹ̀ mọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì wa.

Síbẹ̀, mo ṣe ọgọ́rùn-ún mi. Mo gba gbọ̀ngàn kékeré kan nítòsí Màpó, mo kéde pé mo ti rí fíìmù náà. Mo ní bàbá arúgbó kan ló fún mi lábúlé kan lọ́nà Ìsẹ́yìn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ títí. Ìyá Ṣèyí wà níjókòó iwájú, ó wọ aṣọ tuntun, Ṣèyí di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní kí n wá jókòó ti òun. Ó ní, "Ẹ sọ fún mi tí wọ́n bá ti dé, sà."

Ìyá rẹ̀ dé. Mo sọ fún un. Ó na ọrùn síwájú, ó ń gbọ́.

"Ṣé àwọn ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Rárá, mà. Ìyá ọkọ ni."

Ó tún tẹ́tí. Ó ní, "Wọn ò tíì sọ̀rọ̀?"

Mo ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́, mi ò kàn rò ó dé ibẹ̀ ni. Ìyàwó inú eré náà kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ ẹ fún ọkọ tí kò fẹ́ràn, ó sì pa ẹnu mọ́ títí eré fi parí. Kódà ẹ̀rín tó rín, orin ni wọ́n fi bò ó. Mo ní, "Wọn ò ní sọ̀rọ̀, mà."

Ó ní, "Ẹ bá mi sọ bí wọ́n ṣe rí."

Èmi tí mo ń fi ọ̀rọ̀ sísọ gbayì, mo wá ọ̀rọ̀ tì. Mo sọ aṣọ tí wọ́n wọ̀, mo sọ bí wọ́n ṣe ń rìn. Nígbà tó dé ibi ìlà funfun yẹn, Ṣèyí ní, "Kò hàn o. Kò hàn rárá." Mo bá sọ ohun tí mo ti rí nígbà tó ṣì hàn. Mo ní wọ́n léjí. Mo ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì wọn máa ń jìn sínú bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Mo ní ó dà bíi pé ẹnì kan wà lẹ́yìn kámẹ́rà tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ìyá Ṣèyí gbé ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ara rẹ̀, ó ń wá ibi tó jìn.

Ṣèyí wò mí. Ó ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀, Áńkù, nígbà tí kò hàn?"

Mo ní bàbá tó fún mi ló sọ ọ́.

Láti ìgbà náà, mo máa ń lọ sí Bẹyẹrunka lọ́jọ́ Sátidé. Ó ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Á ní kí n tún sọ fún òun bí ìyá òun ṣe ṣí ìborùn. Màá sọ ọ́. Nígbà míì á ní, "Lọ́jọ́sí, ẹ ní ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ṣí i," màá sì rántí pé kí n má ṣe fi kún un. Bí mo bá fẹ́ lọ, á gbàdúrà fún mi. Ní Sátidé kan ó ní, "Ká ní ẹ tètè rí i ni, sà, ǹ bá fojú ara mi rí wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ẹ wá a."

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo gbìyànjú. Mo ní, "Ìyá Ṣèyí, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n ti bá yín sọ." Ó ní òun náà ní ọ̀rọ̀, kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ sọ tòun. Ìgbà yẹn ló sọ ti ìdúpẹ́ fún mi. Ó ti bá wòlíì wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ti fún un láyè. Ojú rẹ̀ kọ sí ibi tí mi ò sí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ jìn. Mo kí i, mo sì lọ sílé láìsọ tèmi.

Ìyàwó mi ní òun ò ní tẹ̀lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ó ní kí n lọ sọ òtítọ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ojú ń tì mí, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dá mi dúró ju ìtìjú lọ. Nínú gbogbo ayé yìí, èmi nìkan ló rí ojú obìnrin yẹn kedere láìpẹ́ yìí, tí mo sì tún lè sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀. Gbogbo ohun tí Ìyá Ṣèyí ní nípa ojú ìyá rẹ̀, ẹnu mi ló ti gbà á. Bó bá gbọ́ pé òpùrọ́ ni mí, ṣé á tún gba èjí yẹn gbọ́? Ṣé á gba ẹ̀rín náà gbọ́? Mo ti kọ́kọ́ gba ojú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ gbà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin tí ẹ ti sunkún lórí ètò mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí bó bá ṣe é ṣe. Bí kò bá ṣe é ṣe, ẹ ṣáà dá mi lóhùn. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Ṣé kí n sọ fún un?